Ẹ̀kọ́ Tí Rekiat Kọ́ Ìyanu

Gbogbo àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ ló ń pe Rekiat ní Lọ́yà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe lọ́yà. Philip ni lọ́yà gan-an, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ni ọ́fíìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, tó máa ń gba ẹjọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ rò láìgba kọ́bọ̀. Rekiat ló ń bá a ṣiṣẹ́. Òun ló ń lọ wádìí ọ̀rọ̀, òun ló ń lọ bá àwọn ọlọ́pàá, òun náà ló ń mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Èmi télọ̀ ni mí. Pátákó lásán ni ògiri tó wà láàárín àwa méjèèjì, débi pé tí wọ́n bá sín lọ́hùn-ún, èmi ni mo máa ń kí wọn pẹ̀lẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn oníwèé ìròyìn kan wá nígbà kan, wọ́n ní kí Rekiat sọ ohun tó gbé e dédìí iṣẹ́ yìí. Ohun tí wọ́n ń retí ni kó sọ pé wọ́n ti fi òun náà ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí, kí ẹkún lè bẹ̀rẹ̀. Rekiat ní rárá o, ilé bàbá òun lòun dàgbà sí, òun sì ń jẹun yó. Bàbá ẹ̀, Bàbá Hameed, òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù ni ní Àpápá, ó fi ẹ̀yìn ru àpò ṣúgà títí ẹ̀yìn náà fi kọṣẹ́ fún un, ìgbà yẹn sì ni ilé ìwé Rekiat dúró. Ó lọ ń tẹ̀wé fún àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, lọ́nà ibùdókọ̀ Coconut, kó tó pàdé Philip. Wọ́n ní kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló gbé sórí. Ó ní, "Inú ló ń bí mi." Wọn ò kọ ìyẹn sínú ìwé ìròyìn wọn.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n dáadáa ò ní mọ̀ pé inú ń bí i rárá. Bàbá Hameed kọ́ ọmọ ẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ilé, kì í ṣe kékeré. Rekiat kì í kí àgbà lóòró. Orúnkún ẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀, ì báà jẹ́ inú ẹrẹ̀. Mo ti bá a jà lórí ẹ̀ rí, torí èmi ni mò ń tún etí aṣọ ẹ̀ rán. Àmọ́ ìkúnlẹ̀ yẹn ló fi ń ṣiṣẹ́. Tó bá dé ilé tí wọ́n ti ń lu ọmọ ọlọ́mọ, kò ní pariwo, kò ní dárúkọ òfin. Á kúnlẹ̀, á kí ìyá onílé títí, á yin ilé, á yin aṣọ ọrùn ẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má bínú sí mi, wọ́n rán mi ni." Kí onílé tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti fún un ní àga, ó sì ti pe ọmọ náà jáde. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Philip fúnra ẹ̀ máa ń sọ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń lé òun ní géètì, wọn ò lé Rekiat rí.

Stanley ló gbé ọ̀rọ̀ Ìyanu wá. Dírẹ́bà ni Stanley, ó ń wa mọ́tò fún màdámù kan ní GRA ní Àpápá, àmọ́ Ajégúnlẹ̀ níbí ló ń gbé, lẹ́yìn ilé wa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, kò jókòó. Ó ní ọmọbìnrin kékeré kan wà nílé ọ̀gá òun, kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, òun ò rí i kó lọ sílé ìwé rí, òun sì gbọ́ igbe ẹ̀ lọ́jọ́ kan láti ẹ̀yìn ilé, igbe ọ̀hún ò sì kúrò létí òun. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń bojú wẹ̀yìn. Rekiat bi í bóyá á lè wá sọ ọ́ ní kóòtù. Ó ní, "Aunty, abeg, I get pikin." Ó bá tiẹ̀ lọ.

Rekiat mú obìnrin ọlọ́pàá kan tí kò wọ aṣọ iṣẹ́, àwọn méjèèjì lọ sí GRA. Ó kúnlẹ̀ fún màdámù náà bó ṣe máa ń ṣe. Màdámù yìí kì í ṣe ẹni tó le lójú o. Ó fà wọ́n wọlé, ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni Ìyanu, òun ń bá wọn tọ́ ọ ni. Ó ní kí ọmọ gbé omi wá fún àlejò. Ìyanu gbé omi wá nínú tíréè, ó kúnlẹ̀, ó na tíréè sí wọn, apá aṣọ ẹ̀ sì yí sẹ́yìn. Rekiat ní ojú ibẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù tẹ òǹtẹ̀ sí i lápá. Ojú egbò méjì ni, ọ̀kan ti san, ọ̀kan ṣì pupa.

Màdámù ní aṣọ ló ń lọ̀ tó fi jó ara ẹ̀, ó ní ọmọ náà ò ní sùúrù. Rekiat ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Àwọn ọmọ ìwòyí." Orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà. Ó bẹ màdámù pé kó jẹ́ káwọn kàn mú ọmọ náà lọ rí dókítà, torí kí egbò yẹn má lọ di nǹkan mìíràn, ìtìjú á sì wá bá ilé. Màdámù gbà. Ó tún fún wọn ní ohun mímu pé kí wọ́n mú un dání. Láti ọjọ́ yẹn, Ìyanu ò padà sílé ọ̀hún mọ́.

Ilé kan wà tí ìjọba ń kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà fún ò ṣòroó mọ̀. Bí kóòtù bá gbà pé màdámù ló jó ọmọ yìí, màdámù á jìyà, Ìyanu á sì máa gbé inú ilé ìtọ́jú yẹn, á máa lọ sílé ìwé títí tó fi máa dàgbà. Bí kóòtù ò bá gbà, ọwọ́ bàbá ẹ̀ ni wọ́n máa dá a padà sí, ní abúlé kan lọ́nà Ìlarò. Bàbá yẹn náà ló sì fi í fún màdámù nígbà tí ìyá ẹ̀ kú. Mi ò ní bú u. Ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì rí ohun tó burú nínú ẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fi òun alára fún ẹlòmíràn ní kékeré.

Dókítà kọ ọ́ pé áyọ́ọ̀nù ló jó ọmọ náà, àmọ́ dókítà ò lè sọ ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Stanley ti ní òun ò rí nǹkan kan. Ó wá ku ẹnu Ìyanu nìkan.

Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá mú un wá sí ọ́fíìsì, á kúnlẹ̀ kí Philip, á kúnlẹ̀ kí Rekiat, á jáde wá kúnlẹ̀ kí èmi náà, á sì lọ dúró sí kọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ní kó jókòó, á jókòó. Tí ẹ ò bá ní kó dìde, ibẹ̀ ló máa wà. Rekiat ní kí n rán gáùn kan fún un tó máa wọ̀ lọ sí kóòtù, ni mo bá mú un wọ ṣọ́ọ̀bù láti wọ̀n ọ́n. Áyọ́ọ̀nù mi wà lórí tábìlì, mo ti fi sí iná torí aṣọ oníbàárà kan. Bí ọmọ yìí ṣe rí i, ó lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì ń fi ògiri rìn títí ó fi dé ibi tó jìnnà sí i jù. Kò sunkún. Mo fa wáyà ẹ̀ yọ, mo gbé e síta pátápátá, ẹni tó bá fẹ́ gbé e kó máa gbé e lọ. Mo wá jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó lanu. Ó ní, "Mo jó búláòsì mọ́mì." Mo ní kí ni mọ́mì wá ṣe. Ó ní, "Wọ́n ní kí n gbé apá wá. Mo sì gbé e wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lára mi títí dòní. Ọmọ wo ló ń gbé apá ẹ̀ wá fún áyọ́ọ̀nù gbígbóná? Pamílẹ́rìn, ọmọ tèmi, tí mo bá fojú wá pàṣán báyìí, ó ti dé ibùdókọ̀ Bóńdárì kí n tó nàró. Àmọ́ wọ́n ti kọ́ eléyìí débi pé sísá gan-an, àrífín ni lójú ẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, téèpù tí mo fi ń wọ̀n ọ́n ni mo fi ń nu ojú, òun ló tún ń sọ fún mi pé, "Ẹ má bínú, ma."

Rekiat bẹ̀rẹ̀ sí í múra ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹjọ́. Mò ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn pátákó, tí mo bá dá maṣíìnì dúró. Á ní, "Tó o bá débẹ̀, kúnlẹ̀ kí adájọ́. Kí gbogbo wọn, títí kan mọ́mì. Ohùn jẹ́jẹ́ ni kó o fi sọ̀rọ̀. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kó o sì dákẹ́. Má bá àgbà jiyàn o. Tí wọ́n bá ti rí i pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ́, wọ́n á gbà ẹ́ gbọ́." Ìyanu á ní, "Ẹ ṣeun ma." Wọ́n á tún un ṣe, Rekiat á ṣe bí adájọ́, á tún ṣe bíi lọ́yà.

Lójú tèmi náà, ọ̀nà tó dáa nìyẹn. Ta ló máa gbọ́ ti ọmọ aláfojúdi láàárín wa níbí? Ọmọ ọ̀dọ̀ tó bá ti ń la ohùn mọ́ àgbà, ẹjọ́ ti dá lé e lórí kó tó ṣàlàyé. Philip yọjú sí wọn lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n rọra ṣe ẹ̀kọ́ yìí, pé ó yẹ kí ọmọ náà lè sọ pé rárá. Rekiat rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é." Philip fi í sílẹ̀. Tí èèyàn bá ti ń fi nǹkan ṣe àṣeyọrí láti ọjọ́ yìí wá, ta ló máa sọ fún un pé kó jáwọ́?

Mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ẹjọ́. Wọ́n ní kí èrò jáde torí pé ọmọdé ló fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ wọ́n fi èmi àti Rekiat sílẹ̀ kí ọmọ náà lè máa rí ojú tó mọ̀. Ìyanu wọ gáùn tí mo rán, ó bá a mu gan-an. Ó kúnlẹ̀ kí adájọ́, bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó kí àwọn lọ́yà. Ó wá yà sọ́dọ̀ màdámù, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mọ́mì." Màdámù ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi," ó fa hánkáṣíìfù yọ, ó ń nu ojú. Ọlọ́run ló yọ ọ́ lọ́wọ́ mi.

Philip bi í léèrè, ọmọ náà sì sọ ọ́. Ẹ wò ó, ó sọ ọ́ tán pátá. Ó sọ ti búláòsì, ó sọ pé wọ́n ní kí òun gbé apá wá, ó ṣí apá gáùn náà sókè nígbà tí wọ́n ní kó ṣí i. Adájọ́ dá bírò dúró, ó wo apá náà títí. Rekiat di ọwọ́ mi mú. A rò pé ó ti bọ́ sí i.

Lọ́yà màdámù wá dìde. Àgbàlagbà ni, irun orí ẹ̀ ti funfun. Kò jágbe mọ́ ọmọ náà o. Ká ní ó jágbe ni, ì bá sàn fún wa. Ó ní, "Ìyanu, ọmọ dáadáa. O mọ èèyàn kí o. Ta ló kọ́ ẹ?"

Ìyanu ní, "Mọ́mì ni, sà. Àti Àǹtí Rekiat."

Ó ní, "Wọ́n kú iṣẹ́. Ṣé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ lè pe àgbà ní òpùrọ́?"

Ó ní, "Rárá, sà."

Ó ní, "O ṣeun. Mọ́mì ẹ ti dúró síbí, wọ́n ní ìwọ lo fi áyọ́ọ̀nù jó ara ẹ. Ṣé irọ́ ni mọ́mì ẹ pa?"

Philip ti ta dìde, ó ní kò yẹ kí wọ́n bi ọmọdé nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Adájọ́ ní kí ọmọ dáhùn. Ìyanu wo ilẹ̀. Ó wo màdámù. Ó wá yíjú wo Rekiat, bí ọmọ tí wọ́n bi ní ìbéèrè ní kíláàsì ṣe máa ń wo tíṣà ẹ̀. Rekiat fẹ́ dìde, mo fà á jókòó, torí tó bá sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní òun ló ń fi ọ̀rọ̀ sí ọmọ lẹ́nu. Ìyanu bá kúnlẹ̀ níbi tó wà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Mọ́mì kì í purọ́."

Adájọ́ fúnra ẹ̀ tẹ̀ síwájú. Mi ò lè sọ pé ó burú, ó gbìyànjú. Ó rọ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Má bẹ̀rù, Ìyanu. Báwo ni áyọ́ọ̀nù ṣe jó ẹ gan-an?"

Ó ní, "Bí mọ́mì ṣe sọ ọ́ náà ni, sà."

Mo mọ bí ọkàn èèyàn ṣe ń já, mo ti sin ọkọ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn tún yàtọ̀. Philip tún bi í, ó tún bi í, ohun kan náà ló ń sọ, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Nígbà tí a padà lọ fún ìdájọ́, adájọ́ ní ọ̀rọ̀ ọmọ náà ò dúró sójú kan, dókítà ò sì mọ ọwọ́ tó di áyọ́ọ̀nù mú, nítorí náà òun ò lè dá màdámù lẹ́bi. Ó ní kí ọmọ máa bá bàbá ẹ̀ lọ. Philip bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó ṣì wà nílé ìtọ́jú. Wọ́n ní bàbá tó bí i ti wá gbà á, kò sì sí ẹjọ́ kankan lọ́rùn bàbá. Òótọ́ ni, kò sí.

Bàbá Ìyanu dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di àpò aṣọ ọmọ ẹ̀ dání, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Ìyanu kúnlẹ̀ fún Rekiat. Ó ní, "Ẹ ṣeun ma. Àǹtí, ṣé mo ṣe é dáadáa?"

Rekiat bẹ̀rẹ̀, ó gbá orí ọmọ náà mọ́ àyà. Ó ní, "O ṣe é dáadáa." Kí ni ẹ fẹ́ kó sọ?

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Rekiat wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ègé aṣọ. Ó ní, "Ìyá Pamí, èmi ni mo kọ́ ọ." Mo jókòó sílẹ̀ tì í. Kí n má purọ́, inú bí mi sí i. Inú bí mi sí Bàbá Hameed tó ti kú, tó kọ́ ọ. Inú tún bí mi sí lọ́yà àgbàlagbà yẹn, torí ọ̀nà tí Rekiat ń gbà wọlé tọ àwọn màdámù, ọ̀nà yẹn náà lòun gbà wọlé tọ ọmọ wa. Ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì jẹ́ kó sun ún.

Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó ti gba Ìjọra lọ nítorí àwọn ọmọ kan tí wọ́n ń kó ṣiṣẹ́ ní fáktírì. Àmọ́ kò lè gbàgbé Ìyanu. Philip ní kó jẹ́ kí ó tó bí oṣù mélòó kan, kí bàbá ọmọ náà má baà rò pé wọ́n ń ṣọ́ òun. Nígbà tó yá, èmi àti Rekiat wọ mọ́tò lọ sí abúlé yẹn. Rekiat ra ìwé ìkọ̀wé àti bàtà fún un. Ohun tó ń sọ lójú ọ̀nà ni pé òun á bẹ bàbá náà kó jẹ́ kí òun máa san owó ilé ìwé ẹ̀ níbẹ̀, kí ọmọ náà má kúrò lójú bàbá ẹ̀.

Ìdí iṣu la bá bàbá Ìyanu, ó ń bẹ́ ẹ. Inú ẹ̀ dùn láti rí wa, ó pariwo kí wọ́n gbé àga wá. Rekiat kúnlẹ̀ kí i, ó sì béèrè Ìyanu.

Ó ní, "Á à, Ìyanu ò sí ńlé o. Obìnrin kan wá láti Èkó, ó ń wá ọmọ tó máa bá a tọ́jú ilé. Ó ti rí àwọn ọmọ mìíràn lábúlé yìí, wọn ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo ní kí Ìyanu wá kí i. Bó ṣe kúnlẹ̀ báyìí, obìnrin náà ní òun ò wá ẹlòmíràn mọ́. Ẹ ṣeun o, àǹtí. Ẹ bá mi kọ́ ọ dáadáa."

Rekiat ò dìde. Ó bi í pé àdúgbò wo ni obìnrin náà ń gbé l'Ékòó.

Bàbá Ìyanu ní òun ò béèrè.